Olórin Márùn-ún ní Montreux, Ọdún 1969

Ìtàn orin ni mo mú wá sínú ìwé ọdọọdún wa lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe àpàlà tàbí jùjú. Jazz ni, orin tí àwọn Adúláwọ̀ dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1954 ni George Wein bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún jazz ní ìlú Newport ní Amẹ́ríkà. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, bí ọwọ́ bá ṣì, wọ́n lè tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Níwájú èrò àjọ̀dún, kò sí àtúnbẹ̀rẹ̀. Àtẹ́wọ́, ariwo, òógùn, gbogbo rẹ̀ ló ń bá orin wọ inú téèpù. Ẹgbẹ́ kékeré sì ni èyí bá lára mu jù, nítorí bí olórin bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, etí gbọ́ ohùn oníkálukú, kò sì sẹ́ni tó lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹnìkejì.

Ní September 1966, Charles Lloyd àti ẹni mẹ́ta ṣeré ní àjọ̀dún Monterey ní California. Àwo tó ti ibẹ̀ jáde, Forest Flower, tà débi pé àwọn ọ̀dọ́ tí kì í gbọ́ jazz rà á. Ní June 1968, Bill Evans àti ẹni méjì ṣeré ní Montreux, ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Àwo tiwọn náà gba ẹ̀bùn Grammy. Àjọ̀dún Montreux kò ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà náà, nítorí 1967 ni Claude Nobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní etí adágún Geneva.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wá sọ gan-an ni 21 June 1969. Les McCann, ọmọ Lexington ní Kentucky, ló ń tẹ pìánò tó sì ń kọrin. Leroy Vinnegar ń ta báàsì, Donald Dean ń lu ìlù. Àwọn mẹ́ta yìí ti jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹni méjì kún wọn. Eddie Harris, ọmọ Chicago, tó ń fọn sasofóònù, ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Benny Bailey, ọmọ Cleveland, tó ń fọn fèrè trumpet, ti ń gbé Yúróòpù láti ọdún pípẹ́. Àtìpó bíi tiwa ni.

Wọn kò ráyè ṣe ìdánrawò tó yanjú kí wọ́n tó gorí ìtàgé. McCann ló ń darí wọn bí orin ṣe ń lọ. Orin tó gbòkìkí jù nínú ohun tí wọ́n ṣe ni Compared to What, tí Gene McDaniels kọ, tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ogun Vietnam àti ìwà àgàbàgebè. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé wọ́n ti jọ wà láti kékeré ni.

Kí ló fà á? Wọn kò jọ dàgbà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ orin wọn jẹ́ ọ̀kan: blues àti orin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Adúláwọ̀. Bí ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà àti ará Èjìgbò bá pàdé ní ìlú onílùú, wọn kì í ṣe ìdánrawò kí wọ́n tó kí ara wọn. Ẹni tó bá da orin ìyàwó, àwọn yòókù á gbè é.

Ilé iṣẹ́ Atlantic gbé àwo náà jáde, wọ́n pè é ní Swiss Movement. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aago ọwọ́ mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ara aago ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ó tà gan-an.

Ọdún 1969 yẹn kan náà, ní November, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa ní Kumasi, Tamale àti Accra palẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ẹlòmíràn fi sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn náà ní ìpàdé, wọ́n ní onílù, wọ́n ní àwọn ìyá tó ń dá orin níbi ìkómọ. Ta ló lè fi èyí tí wọ́n kọ létí wa lónìí?

Iná jó gbọ̀ngàn Montreux ní December 1971, síbẹ̀ orin 1969 kò bá a lọ. Harris kú ní 1996, Vinnegar ní 1999, Bailey ní 2005, McCann ní 2023. Ohùn wọn ò kú. Ní 2013, UNESCO fi àkójọ ohùn àti àwòrán Montreux sínú ìwé ìrántí ayé, nítorí pé Nobs ń tọ́jú rẹ̀ látilẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé, ẹ̀yin ará. Ní àpéjọ ọdún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa fi fóònù gba orin àti oríkì àwọn àgbà wa sílẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó dá orin, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà mọ́ ọn. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílé, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa. Ẹ má jẹ́ ká dúró dìgbà tí a bá ṣe ìdánrawò tó pé. Àwọn márùn-ún yẹn kò dúró dè é.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Bí a bá sì ń relé, kí ohùn àwọn tó ṣáájú wa bá wa dé ibẹ̀. Olúwa yóò ṣọ́ wa, yóò ṣọ́ ọjà wa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.