Òpó Inú Fáólìnì: Ọwọ́ Ta Ni Àtúnṣe Rẹ̀ Wà? Àkíyèsí láti Ko-Koumolou

Bí a bá ka ohun tí wọ́n ti kọ nípa fáólìnì ní ilẹ̀ wa, orúkọ àwọn tó ta á àti àwọn tó kọ orin fún un ni a máa ń bá pàdé. A ó kà nípa Fẹlá Ṣówándé, tó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn ní 1944. A ó kà nípa ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ẹni tó ń tún fáólìnì ṣe nígbà tí ohùn rẹ̀ bá yí padà kì í sí nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹni náà ni mo fẹ́ sọ níbí, igi kékeré kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ni mo sì fẹ́ gbà wọ inú rẹ̀.

Igi náà kò ju bí mìlímítà 6 lọ ní ìbú. Inú fáólìnì ni ó dúró sí, láàrin pátákó òkè, tí mo ń pè ní àyà, àti pátákó ìsàlẹ̀, tí í ṣe ẹ̀yìn. A kì í fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Okùn tó ń tẹ àyà mọ́lẹ̀ ni ó há a mọ́ ibẹ̀ tí kò fi ṣubú. Soundpost ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, òpó ni ìyẹn. Àwọn Faransé ń pè é ní âme, àwọn ará Ítálì ní anima, ẹ̀mí tàbí ọkàn sì ni ìtumọ̀ méjèèjì. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 fi ààlà sáàrin àwọn Ìfọ̀nyìn: Ifangni bọ́ sí ìhà tó di Benin, Ìfọ̀nyìn-Tèdó bọ́ sí ìhà tó di Nàìjíríà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Ko-Koumolou tó bá kọ́ orin ní èdè Faransé yóò gbọ́ pé fáólìnì ní ẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kàwé ní Ìdíìrókò yóò gbọ́ pé ó ní òpó. Orúkọ ti Faransé dùn mọ́ etí ju, ṣùgbọ́n òpó ni mo fara mọ́, nítorí pé iṣẹ́ òpó ilé gan-an ni igi náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun orí igi pẹlẹbẹ kan tó ní ẹsẹ̀ méjì, tó dúró lórí àyà. Òpó wà ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan díẹ̀, ní ìhà okùn olóhùn tín-ín-rín. Ọ̀pá gígùn kan tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ àyà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tí ọrun bá ń fa okùn, òpó kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ti ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ mì púpọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ kejì ni ó ń gbé àyà sókè-sódò. Bí òpó kò bá sí, ohùn á ṣófo bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, àyà pàápàá sì lè rì sínú tàbí kí ó sán. Ìdí nìyí tí ẹni tí òpó rẹ̀ bá ṣubú fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ okùn kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìtàn òpó ṣòro láti kọ, nítorí pé ara ohun tí a ń pààrọ̀ ni ó wà. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí fáólìnì àtijọ́ tí òpó tí ẹni tó kàn án fi sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn alágbàṣe tí orúkọ wọn kò hàn lára igi ti yọ ọ́, wọ́n ti fi òmíràn sí i, lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun kan tó tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni crwth, ohun èlò olókùn àwọn ará Wales. Ẹsẹ̀ kan lára igi tó gbé okùn rẹ̀ gùn ju èkejì lọ, ó gba inú ihò àyà kọjá, ó sì lọ tẹ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ àti òpó di ọ̀kan náà níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n mú kí okùn fáólìnì le sí i kí ohùn lè kún gbọ̀ngàn ńlá, ọ̀pá abẹ́ àyà tóbi sí i, òpó náà sì nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Gòjé tiwa kò ní òpó rárá. Igbá ni ara rẹ̀, awọ àwọ́nríwọ́n ni àyà rẹ̀, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀ kan ṣoṣo àti ti ọrun rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, tí wọ́n ń pè é ní goge, ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn olórin sákárà sì sọ ọ́ di ohùn kejì fún akọrin. A gbọ́ ọ nínú àwo orin Àbíbù Olúwa, a sì gbọ́ ọ nínú ti Yusuf Ọlátúnjí, tó kú ní 1978. Ìwé tó kún jù lọ lórí irú ohun èlò yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí Jacqueline DjeDje tẹ̀ jáde ní 2008, dá lórí Fúlàní, Hausa àti Dagbamba; ti Yorùbá ṣì ń dúró de ẹni tí yóò kọ ọ́. Ohun tó kàn mí nípa gòjé ni pé kò sí apá kan lára rẹ̀ tí ọwọ́ ẹni tó ń ta á kò tó. Igi tó gbé okùn sókè wà lórí awọ níta gbangba, ó lè tì í síwájú tàbí sẹ́yìn bí ó bá ṣe fẹ́. Bí ọ̀rinrin bá mú kí awọ dẹ̀, a gbé e sí oòrùn bí a ti ń ṣe fún ìlù. Bàbá kan tó ti ta gòjé rí, tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ẹkùn Ifangni, wo ihò fáólìnì mi títí, ó sì ní ó yà òun lẹ́nu pé àwọn ènìyàn fi ohun tó ń fún ohun èlò ní ohùn pamọ́ síbi tí olówó rẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí jinlẹ̀ ju bí ó ti rò lọ. Ẹ rántí Joseph Emidy, ọmọ Guinea tí àwọn Pọtogí kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tó sì di atafáólìnì ní ilé opera Lisbon. Ní 1795, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì jí i gbé lọ sórí ọkọ̀ Indefatigable kí ó máa ta fáólìnì fún àwọn atukọ̀ láti fi jó. Ọdún 1799 ni wọ́n tó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní Falmouth. Ọdún mẹ́rin nínú ọ̀rinrin òkun! Ta ni ì bá tún òpó fáólìnì ṣe lórí ọkọ̀ ogun, bí kì í bá ṣe òun fúnra rẹ̀ tàbí káfíńtà ọkọ̀?

Nítorí pé iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Oníṣẹ́ yóò wọn gíga inú fáólìnì, yóò gé òpó láti ara igi spruce, yóò sì fi ọ̀bẹ mú orí rẹ̀ méjèèjì dagun kí ó lè bá bí àyà àti ẹ̀yìn ṣe tẹ̀ mu. Yóò fi irin kan tó tẹ̀ bí lẹ́tà S gún òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò gbà á láti ihò àyà wọlé, yóò gbé e nàró nínú òkùnkùn, yóò máa yọjú láti ihò ìdí fáólìnì, yóò máa kàn án díẹ̀díẹ̀. Ìdajì mìlímítà lè yí ohùn padà. Bí òpó bá gùn jù, ó lè fa sísán sí àyà tàbí ẹ̀yìn, àtúnṣe irú sísán bẹ́ẹ̀ sì wà lára èyí tó wọ́n jù.

N kò bá oníṣẹ́ fáólìnì kankan ní Ko-Koumolou. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta fáólìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òpó tirẹ̀ máa ń dẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà méjì ni ó sì ṣubú láàrin ọdún kan. Ó ti gbọ́ nípa òpó ìgbàlódé, èyí tí wọ́n fi ohun àpòpọ̀ ṣe, ìyẹn okùn kábọ́ọ̀nù wẹ́wẹ́ tí a fi oje kẹ́míkà dì pọ̀, ó sì gbà pé kábọ́ọ̀nù ni yóò gba òun, nítorí pé kì í mu omi.

Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń polówó ohun èlò yìí. Òótọ́ ni pé kábọ́ọ̀nù kì í mu omi. Ṣùgbọ́n òpó igi pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i tàbí kúrú nígbà ọ̀rinrin, torí pé ìbú igi ni ó máa ń wú, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Àyà fáólìnì ni ó ń rìn. Lásìkò òjò ó ń wú, ó ń yọ sókè, òpó á sì dẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ó ń gbẹ, ó ń rẹlẹ̀, òpó náà á sì le gírígírí. Bí a bá fi kábọ́ọ̀nù tí kò ṣe é yí rọ́pò igi, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ fún ará Ko-Koumolou wà nínú nǹkan méjì mìíràn. Èkíní ni oríkèé kékeré tó wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, tó ń jẹ́ kí ó fara mọ́ bí pátákó ṣe tẹ̀ láìsí pé a fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Èkejì ni ìdè inú rẹ̀, tí a lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí láti ihò àyà kí ó gùn tàbí kí ó kúrú. Àwọn oníṣẹ́ kan kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ohùn igi ju ohùn kábọ́ọ̀nù lọ. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn jà lórí ìyẹn. Mo kàn ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń gbé ìlú tí oníṣẹ́ wà ní ìtòsí.

Ewu rẹ̀ wà o. Ìdè kò ní ètí. Ọwọ́ tó bá yí i jù lè sán àyà bí òpó igi gígùn ṣe ń sán an, kò sì ní sí ọ̀gá tí yóò sọ pé ó tó. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ ọ̀dọ́kùnrin náà, nígbà tó rí ọ̀kan rà, pé kí ó máa dẹ okùn kó tó yí i, kí ó má yí i ju ìdá mẹ́rin ìyíká lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ lásìkò ọyẹ́, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fáólìnì ń kọ́: ọjọ́, bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, iye ìyíká, sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìlà mọ́kànlá ni. Mo dà á kọ síwèé, nítorí pé ó ní àwọn máa kun ògiri náà kí ọdún tó parí.