Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Ìgbẹ́jọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe ìgbẹ́jọ́ ní ìdájọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. “Gbọ́” àti “ẹjọ́” ló di ìgbẹ́jọ́: àsìkò tí adájọ́ ń fetí sí olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́ àti ẹlẹ́rìí. À ń sọ pé: “Adájọ́ sún ìgbẹ́jọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Níbi ìgbẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tún lè fún olùjẹ́jọ́ ní béèlì, tàbí kó da ẹjọ́ nù. Ìdájọ́ ló ń sọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún adájọ́ ní 90 ọjọ́ láti gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn àwọn agbẹjọ́rò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ẹni tí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní ọ̀daràn.