Ọwọ́ Tó Ya Ìyàwó Òkèrè

Ní pápákọ̀ òfurufú Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọnà ara ògiri méjì kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń sáré kí bàálù má baà fi òun sílẹ̀ lè má wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ, ó sì gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50. Ọ̀kan dá lórí ìrìn àwọn tó kọ́kọ́ ṣí lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Èkejì dá lórí ayẹyẹ àti ijó àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà, láti àríwá dé gúúsù. Carybé lorúkọ ẹni tó ṣe méjèèjì. Bí a bá wá ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kan Ṣakí, pé ó kan odò Ògùn, pé ó tún kan ọba tí à ń pè ní Òkèrè, ẹlòmíì á ní a ti tún dé, àwa ọmọ Òkè-Ògùn, pé a ò ní í jẹ́ kí nǹkan kan kọjá ká má so ìlú wa mọ́ ọn. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká tò ó.

Hector Julio Páride Bernabó lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ìlú Lanús ní Argentina ni wọ́n bí i sí ní 1911. Kì í ṣe Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò bí i sí Brazil. Ní 1950 ló kó ẹrù rẹ̀ dé Salvador, olú ìlú Bahia, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Salvador yìí, ẹ mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ ni wọ́n kó àìmọye àwọn ènìyàn wa lọ nígbà tí Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún títí di àwọn ọdún 1830. Àwọn tí wọ́n kó lórí ilẹ̀ wa wọ ọkọ̀ ní Àgbádárìgì, ní Èkó, ní Ouidah. Wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n ń pè wọ́n ní Nagô. Wọ́n di ẹrú, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé oríkì.

Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ la fẹ́ kọ́kọ́ parí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù American Airlines ń kọ́ ibùdó tuntun sí pápákọ̀ New York, èyí tí wọ́n ń pè ní Idlewild kó tó di JFK ní 1963, wọ́n pe àwọn ayàwòrán sí ìdíje. Carybé gbé ipò kìíní, ó sì tún gbé ipò kejì. Ní 1960, ọnà méjèèjì gun ara ògiri. Ní iwájú ilé kan náà, ọ̀gbẹ́ni Robert Sowers ṣe ògiri gíláàsì aláràbarà kan tó gùn ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé.

Ó tó nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, ilé gbó, wọ́n ní àwọn fẹ́ wó o. Báwo ni ti gíláàsì? Àwọn ènìyàn bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní kí wọ́n má bà á jẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà á sílé. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ń tà á ní wẹ́wẹ́. Ti Carybé kò rí bẹ́ẹ̀. Odebrecht, ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador, ló ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ Miami lásìkò náà. Wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ ará ilé àwọn fẹ́ bá àlàpà lọ. Wọ́n lọ tú u lára ògiri, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e lọ sí Miami, ó sì dúró síbẹ̀ ní 2009. (Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló padà bọ́ sínú ẹrẹ̀ rìbá, tó sì gbà pé òun jẹ̀bi níwájú ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní 2016. A ò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n.)

Ohun tí a rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹwà nìkan kọ́ ló gba iṣẹ́ sílẹ̀. Bóyá gíláàsì Sowers lẹ́wà ju ti Carybé lọ, kí ló kàn wá? Iṣẹ́ Carybé ní ará ilé tó lè wá gbé e. Ibi tí èrò ń gbà kọjá, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sunkún tí wọ́n bá wó o.

Ó wá ku ohun tí ọwọ́ kan náà ń ṣe nílé. Ní Salvador, Carybé wọ inú ilé òrìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. (Àfọ̀njá ibí yìí, Ṣàngó ni, kì í ṣe Kakaǹfò Ìlọrin.) Ìyá Aninha ló dá a sílẹ̀ ní 1910. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1930, ìyá yìí àti Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ Bahia tó ti gbé Èkó fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá nígbà èwe rẹ̀, fi àwọn ọkùnrin méjìlá jẹ Ọba Ṣàngó nínú ilé náà. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú orúkọ oyè wọn: Abíọ́dún, Oníkòyí, Olúgbọ́n, Arẹsà, Ọ̀nà Ìṣokùn. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi èdè Potogí kọ ọ́, ó dà bí àjèjì lójú, ṣùgbọ́n ẹ pè é jáde lẹ́nu ná! Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀yọ́-Ilé ti di igbó, erin àti ẹfọ̀n ti gbà á, àwọn kan jókòó ní ìkọjá òkun, wọ́n ń tò ó padà ní oyè-oyè. Carybé, ọmọ Argentina, di ọ̀kan nínú àwọn Ọba Ṣàngó yìí. Inú ọgbà ilé òrìṣà náà ló wà, ní ìpàdé, nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró ní 1997.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, báǹkì kan ní Bahia bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó gbẹ́ ọnà fún àwọn. Pákó kédárì 27 ló gbẹ́, òrìṣà kan lórí pákó kọ̀ọ̀kan, òun àti irinṣẹ́ rẹ̀ àti ẹranko rẹ̀. Ó fi irin sí òmíràn, ó fi owó ẹyọ sí òmíràn. Ẹ ò rí i pé ibi èrò náà ni, báǹkì! Wọ́n ti gbé wọn kúrò níbẹ̀ báyìí, mùsíọ́ọ̀mù Afro-Brasileiro ní Salvador ni wọ́n wà. Yemọja wà nínú wọn.

Ibí ni Ṣakí ti wọlé. Carybé ní ọ̀rẹ́ kan, Pierre Verger, Faransé tó ti dé Salvador ní 1946. Ọkùnrin náà kò rí ibì kan jókòó sí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, ó ń ya fọ́tò, ó ń kọ ìtàn sílẹ̀. Ó kọ́ Ifá débi tí wọ́n fi ń pè é ní Fátúmbí. Ní 1985, àwọn méjèèjì gbé ìwé ìtàn òrìṣà kan jáde, Lendas Africanas dos Orixás: Verger kọ ọ́, Carybé ya àwòrán rẹ̀. Ìtàn Yemọja àti Òkèrè ọba Ṣakí wà níbẹ̀.

Ó lọ báyìí. Yemọja, ọmọ Olókun, obìnrin ọlọ́yàn rẹpẹtẹ, fi Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Òkèrè rí i, ó ní òun á fẹ́ ẹ. Yemọja gbà, ṣùgbọ́n ó fi èèwọ̀ kan lélẹ̀: ọkọ òun kò gbọdọ̀ fi ọyàn òun ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Òkèrè ní ṣé ìyẹn náà ni, kò burú. Wọ́n ń gbé pọ̀ jẹ́jẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹmu pa kábíyèsí. Ẹsẹ̀ ò ranlẹ̀ mọ́, ìjà dé, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde sì jáde. Yemọja sá. Olókun ti fún un ní ìgò oògùn kan tẹ́lẹ̀, pé ọjọ́ tí ewu bá dé ni kó là á mọ́lẹ̀. Ibi tó ti ń sá ló ti kọsẹ̀, ìgò fọ́, oògùn di odò, odò ń gbé e lọ sílé. Òkèrè sọ ara rẹ̀ di òkè, ó dábùú ọ̀nà. Odò yà sọ́tùn-ún, òkè yà sọ́tùn-ún. Odò yà sósì, òkè yà sósì. Obìnrin bá ké sí Ṣàngó ọmọ rẹ̀. Ṣàngó ní òun á jẹ àgùntàn àti àkùkọ, àmàlà kan, gbẹ̀gìrì kan. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìtàn yìí ti ṣẹ̀, kó wo oúnjẹ tí òrìṣà béèrè! Lọ́jọ́ kejì òjò ṣú, àrá sán, òkè là sí méjì, odò gba àárín rẹ̀ kọjá sókun.

A mọ̀ pé ìtàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbé wa níyì. Ọba wa ló mutí, ọba wa ló já èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn ṣe mọ ilẹ̀. Ní àyíká Ṣakí gan-an ni odò Ògùn ti ṣẹ̀, láàárín àwọn òkè. Ó sàn gba ọ̀dọ̀ Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìsédò Ìkéré nígbà ìjọba Shagari, tí iṣẹ́ náà wá falẹ̀ títí. Ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wọ ọ̀sà ní Èkó. Ẹni tó bá gbá ìtàn Òkèrè mú, àwòrán ilẹ̀ Òkè-Ògùn ló mú dání. Ọmọ wa tó ń ṣe ìdánwò jọ́gíráfì lè má rí i kà nínú ìwé rẹ̀, àmọ́ ọmọ Bahia rí i kà.

Miami gan-an tí ọnà náà padà lọ dúró sí, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá. Àwọn ọmọ Kúbà tó ń ṣe ẹ̀sìn Lùkùmí pọ̀ níbẹ̀, Yemayá ni wọ́n ń pe Yemọja. Ìlú Hialeah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ náà. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹran bọ òrìṣà. Ilé ìsìn Lùkùmí pè wọ́n lẹ́jọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì jàre ní 1993. Inú àwọn èrò tó ń ti ẹ̀gbẹ́ ayẹyẹ Carybé kọjá lójoojúmọ́, a ò ní ṣàìrí ẹni tó mọ orúkọ ìyàwó Òkèrè.

Nílé ńkọ́? Pápákọ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní 1979, ti Schiphol ní Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ní 2002 Schiphol gbé ẹ̀ka mùsíọ́ọ̀mù ńlá ìlú wọn sínú pápákọ̀, kí èrò lè rí iṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn kó tó wọ bàálù. Àwa wo ilé kọ́, a ò wo ìyẹn. Ní ti Òkè-Ògùn, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, kò sí pápákọ̀ kankan níbẹ̀, gáréèjì ni pápákọ̀ tiwa. Níbẹ̀ ni àlejò ti ń bọ́ọ́lẹ̀. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni pátákó olóṣèlú tó ń kí wa kú ọdún.

Àbá wa ni pé kí àwọn ọmọ Ṣakí gbé Òkèrè àti Yemọja sí ibi tí mọ́tò ń dúró sí. A ti ń gbọ́ àtakò. Àwọn kan á ní ṣé òrìṣà lẹ tún fẹ́ kó bá wa nínú ìlú tí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì kún? Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ níwájú ògiri Miami. Ìtàn odò tí à ń mu ni. Àwọn àgbà á ní ẹ̀tẹ́ ni fún ààfin. Ìyẹn ló ṣòro jù, a ò sì ní fojú kékeré wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún kábíyèsí, kó gbàṣẹ. Kó sì ṣe é lọ́nà tó ṣeé tú, torí gáréèjì wa kì í pẹ́ ṣí kúrò níbi tó wà.

Tí wọ́n bá bi wá pé kí ni kí wọ́n yà, a ò ní kí wọ́n ya ọba tó mutí. Kí wọ́n ya òkè tó là sí méjì, kí odò gba àárín rẹ̀, kí wọ́n sì gbé abọ́ àmàlà kan àti gbẹ̀gìrì kan sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò Ìbàdàn, tí ebi sì ń pa á, á mọ ibi tó dé.