Kí Ojú Hàn, Kí Ó Má Gbọgbẹ́

Àwòrán méjì wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ya èkíní fún bàbá mi ní ọdún 1978, nínú sítúdíò kan ní Òkè Bọ́lá, ní Ìbàdàn. Ọmọ mi ni ó ya èkejì fún màmá mi láìpẹ́ yìí, ní àdúgbò kan náà, pẹ̀lú kámẹ́rà ìgbàlódé tí kì í lo fíìmù. Nínú ti èkíní, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi kò hàn mọ́. Nínú ti èkejì, ojú màmá mi hunjọ bí ilẹ̀ tí ọ̀dá là. Nígbà tí màmá rí i, wọ́n ní: ‘Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó ní kí o kọ ilà tuntun sí mi lójú ní ọjọ́ ogbó?’

Ọwọ́ ènìyàn ni ó fa méjèèjì. Ní ayé fíìmù, ayàwòrán a máa gbé nẹ́gẹ́tífù sí iwájú ìmọ́lẹ̀, a sì fi pẹ́ńsù kun ibi tí ojú bá ti hunjọ. Ìmọ́lẹ̀ kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Ibẹ̀ yóò wá mọ́lẹ̀ sí i lórí bébà. Báyìí ni pélé bàbá mi ṣe pòórá. Nínú yàrá òkùnkùn bákan náà ni àwọn kan ti ń mú kí àwòrán mú: wọn a ṣe ẹ̀dà nẹ́gẹ́tífù tí ó rí bàìbàì, wọn a sì tò ó pọ̀ mọ́ nẹ́gẹ́tífù gan-an kí wọ́n tó tẹ àwòrán jáde.

Ní 1991 ni Kodak gbé kámẹ́rà DCS, tí kò lo fíìmù, wá sí ọjà fún àwọn akọ̀ròyìn. Lónìí, iṣẹ́ yàrá òkùnkùn ti wọ inú kámẹ́rà. Ibi tí wọ́n kọ Sharpness sí ni a ti ń pàṣẹ. Kámẹ́rà yóò wá ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé. Yóò mú kí dúdú túbọ̀ dúdú, kí funfun sì túbọ̀ funfun. Ojú wa yóò rò pé etí nǹkan náà mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun tí kámẹ́rà rí. Àṣejù, baba àṣetẹ́: bí a bá gbé e ga jù, ìlà funfun yóò yí etí gèlè ká, ojú tí ó hunjọ yóò sì di kòtò.

Àwọn agbẹ́gilére wa mọ èyí. Wọn kì í fi fífín bẹ̀rẹ̀. Wọn a gbẹ́ ère, wọn a dán an, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ fín irun àti ilà ojú. Ní 1973, Robert Farris Thompson ará Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí àwọn Yorùbá fi ń mọ ère tí ó dára. Ìfarahàn wà níbẹ̀: kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Jíjọra náà wà níbẹ̀: kí ère jọ ènìyàn níwọ̀nba, kí ó má jọ ọ́ jù. Ní 1978, Stephen Sprague fi òṣùwọ̀n yìí wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá.

N kò sọ pé kí gbogbo àwòrán rọ̀. J. D. ’Okhai Ojeikere, tí ó ti ṣiṣẹ́ yàrá òkùnkùn fún ìjọba ní Ìbàdàn láti 1954, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Irun ni ó fẹ́ kí a rí; ó yẹ kí ìlà rẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n àwòrán ojú jẹ́ ẹ̀rí. Ọmọ mi tí kò bá bàbá mi láyé ti bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n kọlà. Bí a bá rí nẹ́gẹ́tífù náà, a lè nu pẹ́ńsù kúrò. Sítúdíò náà ti kógbá sílé, nẹ́gẹ́tífù sì bá a lọ. Ohun tí kámẹ́rà bá ti fín sínú JPEG kò ṣe é nù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mo ní kí ọmọ mi dín Sharpness kù, kí ó sì máa pa RAW mọ́ pẹ̀lú, nítorí òun ni nẹ́gẹ́tífù ayé òde òní. A lè mú un níwọ̀n tí a fẹ́ nígbàkígbà.

Ó tún màmá yà. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní: ‘Èmi nìyí.’