Kúbà, Erékùṣù Ìrèké

Nínú gbogbo erékùṣù Òkun Kàríbíà, kò sí èyí tí ó tóbi tó Kúbà, ilẹ̀ gbọọrọ tí ó nà láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn ní nǹkan bí kìlómítà 1,250, tí kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkun yóò fi jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí ń gbé inú rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn ni àwọn òkè Sierra Maestra wà, níbi tí Pico Turquino, tí ó borí gbogbo wọn, ga tó mítà 1,974. Ní ìwọ̀-oòrùn ni Pinar del Río, níbi tí tábà olókìkí ti ń hù. Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó pọ̀ jù, ilẹ̀ pupa ọlọ́ràá tí òjò kò ṣahun fún. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ìtàn Kúbà yé òun, ìrèké ni kí ó tọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn Taíno ni ó ń gbé ibẹ̀ kí Columbus tó gúnlẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 1492, àgbẹ̀ tí ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ kan náà tí àwọn Potogí gbé kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá bá wa tí a fi ń ṣe gàrí. Ní 1511 ni Diego Velázquez kó ọmọ ogun Sípéènì wọ̀lú. Hatuey, ìjòyè tí ó ṣáájú ìjà, ni wọ́n dáná sun ní 1512. A gbọ́ pé nígbà tí àlùfáà ń wàásù ọ̀run fún un, ó béèrè bí àwọn Sípéènì náà bá ń lọ síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní òun kò bá wọn lọ. Iṣẹ́ àṣekú àti àrùn àjèjì ni ó run èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ìrèké tó jọba. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti dìde ní 1791, tí oko ṣúgà ibẹ̀ sì bàjẹ́, àwọn olóko Kúbà gba ọjà náà. Ìrèké kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí a bá ti gé e, ọjọ́ kan tàbí méjì ni omi rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, nítorí náà láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé Ẹ̀bìbí, ọlọ kì í sinmi lọ́sàn-án àti lóru. Kẹ̀kẹ́ màlúù a gbé ìrèké dé, ọlọ a fún un, omi rẹ̀ a wọ inú ìkòkò irin ńláńlá tí ó tò tẹ̀lé ara wọn lórí iná, àwọn ẹrú a sì máa bù ú láti inú ọ̀kan sí èkejì nínú èéfín àti oru. Ẹni tí oorun bá mú níbi ọlọ, apá rẹ̀ lè bá a lọ.

Ta ni yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ríbi wọ̀ ọ́. Àkókò náà ni Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú Aláàfin, ikú bàbá yèyé, ń wó lulẹ̀, tí ogun ń tú Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, tí a sì ń ta ọmọ Yorùbá fún ọkọ̀ ní Èkó àti ní Àjàṣẹ́. Sípéènì ti bá Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú ní 1817 pé kí òwò ẹrú dópin, síbẹ̀ ọkọ̀ ń yọ́ gúnlẹ̀ títí di ìgbà tí ó lé ní 1860. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá sílẹ̀ láàrin ìlú ni wọ́n ti pa Ifá àti òrìṣà mọ́, tí wọ́n ń bọ Ṣàngó lábẹ́ orúkọ Santa Bárbara, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, èyí tí mo kà sí ọgbọ́n àti ìgboyà papọ̀. Wọn kò sì fi àdúrà nìkan jà: ní oṣù Bélú 1843, ní oko Triunvirato ní Matanzas, obìnrin Lukumí kan, Carlota, wà nínú àwọn tí ó ṣáájú ọ̀tẹ̀.

Ní 1868 ni ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀, Céspedes, olóko tí ó dá a sílẹ̀, sì kọ́kọ́ dá àwọn ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀. Antonio Maceo, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú, kọ àdéhùn àlàáfíà tí a bá Sípéènì ṣe ní 1878 nítorí pé kò mú òmìnira Kúbà wá, kò sì fòpin sí oko ẹrú; ó di 1886 kí oko ẹrú tó parí. Ní 1902 ni Kúbà di orílẹ̀-èdè olómìnira, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti bá àwọn ará Kúbà lé Sípéènì jáde ní 1898, ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣúgà bọ́ sí.