Iná Ìyá Kpankou àti Ìtumọ̀ Ìjọba Ọlọ́run ní Ilẹ̀ Kétu

Ẹ̀bẹ̀ kan wà nínú àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí àwọn Kristẹni Kétu àti Kpankou kì í yé gbà: pé kí ìjọba Ọlọ́run dé. Ní ilẹ̀ tí ó ti ní ọba láti ayébáyé, ẹ̀bẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí Alákétu ń bẹ lórí ìtẹ́, irú ìjọba wo ni wọ́n tún ń retí? Ṣé ẹni tí ó ń gba àdúrà náà ti kọ adé àwọn baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, basileia sì ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí ọba ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Jésù, àkóso fúnra rẹ̀ ni ó sábà ń tọ́ka sí: pé Ọlọ́run ń jọba. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odidi rẹ̀ sì jáde ní 1884, ìjọba ni wọ́n pè é. Jẹ ọba ni ó di jọba, jọba ni ó di ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà kò dárúkọ ilẹ̀, kò dárúkọ odi. Ẹni tí ó jẹ ọba àti àwọn tí ó gbà á ní ọba ni ó ń sọ.

Ìtàn Kétu jẹ́rìí sí èyí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Ede kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ Kétu dó, ọwọ́ ìyá àgbà kan, ọmọ Fọ̀n, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kpankou, ni wọ́n ti gba iná. Orúkọ kan náà ni Kpankou ń jẹ́ títí di òní. Iná àkọ́kọ́ ìlú ọba kò ti ààfin wá. Ọwọ́ àgbàlagbà obìnrin tí kì í ṣe ará ilé ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní ṣe ìyanu nígbà tí ó bá gbọ́ pé Jésù fi ìjọba Ọlọ́run wé ìwúkàrà tí obìnrin kan fi sínú ìyẹ̀fun, tàbí pé ó ní ti àwọn ọmọdé àti àwọn tálákà ni.

Kétu ní odi àti yàrà. Akaba Ìdena, ẹnubodè ìlú náà, ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 1883, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa Alákétu Òjèkú. Ní 1886, lábẹ́ ọba Glèlè, wọ́n pa ìlú run, wọ́n jó o, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìtẹ́ ṣófo. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn ìgbèkùn padà, tí Onyegen sì gun orí ìtẹ́ ní 1894.

Níbo ni ìjọba Kétu wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Kò sí nínú odi, kò sí nínú ààfin. Ọkàn àwọn tí kò gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́ ni ó wà. Lókè òkun pàápàá, ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn ọmọ ẹrú pa orúkọ Kétu mọ́ nínú ẹ̀sìn wọn.

Abẹ́ àjàgà Róòmù ni Jésù ti wàásù. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìgbà tí ìjọba Ọlọ́run yóò dé, ó ní ó ti wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wọn láti máa gbàdúrà fún dídé rẹ̀: ó ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì pé. Ibí yìí ni ó ti yàtọ̀ sí ìjọba ènìyàn. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni ti ayé; ní Kétu, ilé ọlọ́ba márùn-ún ni ó ń fi adé lé ara wọn lọ́wọ́. Ti Ọlọ́run kò ní afọbajẹ, kò sì ní àrọ́pò. Kò gba ìtẹ́ Alákétu, ṣùgbọ́n ó fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún gbogbo ìtẹ́: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe olórí, kí ó ṣe ìránṣẹ́.

Thomas Moulero, ọmọ Kétu, fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ní 1928 ó di àlùfáà Kátólíìkì, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì. Òun kan náà ni ó kọ ìtàn Kétu àti ti Sábẹ sílẹ̀ kí ó má baà parun.

Ẹ̀bẹ̀ mìíràn wà nínú àdúrà kan náà: pé kí Ọlọ́run dárí jini bí a ti ń dárí ji ẹlòmíràn. Ọmọ Fọ̀n ni ó fún Kétu ní iná àkọ́kọ́. Ogun Dàhòmì ni ó fi iná jó o. Lónìí, ọmọ Kétu àti ọmọ Fọ̀n jọ ń gbé orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà, wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n jọ ń gbàdúrà nínú ilé ìjọsìn kan. Èwo nínú iná méjèèjì ni wọn yóò máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn? Fún Kristẹni tí ó jẹ́ ọmọ Kétu, kò lè bèèrè kí ìjọba Ọlọ́run dé kí ó sì gbàgbé iná Ìyá Kpankou.