Xi'an láàárín ọjọ́ kan: ìlú tí àtúnṣe gbé ró

Xi'an ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Shaanxi ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà. Chang'an ló ń jẹ́ nígbà tí àwọn ọba ìdílé Tang fi ṣe ibùjókòó láti ọdún 618, tí èrò inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti lò níbẹ̀, Lintong ni wọ́n sábà máa ń darí rẹ̀ sí, kó lọ wo àwọn ọmọ ogun alámọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nítòsí ibojì Qin Shi Huang, ọba tó kọ́kọ́ so Ṣáínà pọ̀ di ọ̀kan, tó sì kú ní ọdún 210 ṣáájú ìbí Kristi. Ìmọ̀ràn náà kò burú, àmọ́ kò ní fi ìlú han àlejò. Lintong fi nǹkan bí kìlómítà 40 jìnnà sí àárín ìlú. Àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò tó ń wọ́ lọ síbẹ̀, yóò jẹ ìdajì ọjọ́ ó kéré tán. Ọba kan ṣoṣo àti ikú rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Ìtàn àwọn tó gbé Xi'an, tí ilé wó mọ́ lórí, tí wọ́n sì ń tún un kọ́ láti ìran dé ìran, inú odi ìlú ló wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọjọ́ kan náà ti ṣú.

Odi náà gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé ti Tang ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 904, balógun kan tó ń jẹ́ Zhu Wen fipá mú ọba ṣí lọ sí Luoyang, ó ní kí wọ́n wó ilé Chang'an, wọ́n sì da àwọn igi rẹ̀ sí odò Wei kí omi gbé wọn lọ. Ìjọba Ming ló mọ odi tó wà lónìí láàárín ọdún 1370 sí 1378, lórí ìpìlẹ̀ èyí tó yí àdúgbò àwọn ìjòyè nìkan ká nínú Chang'an àtijọ́. Amọ̀ tí wọ́n gún ni nígbà yẹn. Ọdún 1568 ni wọ́n tó fi bíríkì bò ó lára. Ní ọdún 1983 wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá: wọ́n dí àwọn ibi tó ti ya, wọ́n sì tún yàrà tó yí i ká gbẹ́. Ó ga ní mítà 12, àyíká rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13.7, orí rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé wọ́n ń yá àlejò ní kẹ̀kẹ́ láti fi yí i po. (Bíríkì orí rẹ̀ kò tẹ́jú o, ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, kó máa fẹsẹ̀ rìn.)

Ẹnìkan lè sọ pé bí ó bá jẹ́ àlẹ̀mọ́ ni, kí la tún ń wò? Kó kúkú lọ wo ojúlówó ní Lintong. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga kan àwọn ọmọ ogun náà ní ọdún 1974, orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀ ni wọ́n bá. Òrùlé tó bò wọ́n ti já lé wọn láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tó tò kalẹ̀ lónìí, àwọn amọṣẹ́ ló ṣa àfọ́kù wọn jọ, tí wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ odi nítorí àtúnṣe kò lè fi ẹnu kan náà yin àwọn yẹn.

Ilé Agogo tó wà ní oríta àárín ìlú tilẹ̀ rìn ju àlejò lọ. Ibòmíràn ni wọ́n kọ́ ọ sí ní ọdún 1384. Nígbà tí àárín ìlú sún, wọ́n tú u ní ọdún 1582, wọ́n sì lọ tò ó padà sí ibi tó wà báyìí, ní ìlà-oòrùn. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn Ilé Ìlù ni àdúgbò àwọn Hui, Mùsùlùmí ọmọ Ṣáínà, wà, pẹ̀lú Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí àwọn ilé inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1392. Níhìn-ín ló yẹ kí èèyàn rọra wò. Kò sí òrùlé rìbìtì níbẹ̀. Ibi ìpèrun jẹ́ ilé gogoro alájà tí etí òrùlé rẹ̀ ká sókè bíi ti ilé òrìṣà àwọn ará Ṣáínà. Ẹni tí kò bá fura yóò pè é ní ilé Búdà. Àmọ́ tẹ́ńpìlì Ṣáínà a máa kọjú sí gúúsù; èyí nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, àgbàlá kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé ibi ìrun, nítorí pé ìwọ̀-oòrùn ni Mẹ́kà wà sí wọn. Ara pátákó ibi ìrun náà ni wọ́n gbẹ́ Kùránì sí.

Ìtòsí odi gúúsù ni Beilin, ìyẹn Igbó Òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1087 kí àwọn òkúta àkọlé ìgbà Tang má bàa ṣòfò. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ Confucius tí wọ́n parí gbígbẹ́ ní ọdún 837 wà lára òkúta 114 níbẹ̀: ẹni tó bá ń da ìwé rẹ̀ kọ kò ní awáwí fún àṣìṣe. Òkúta kan tún wà láti ọdún 781 tó sọ bí ẹ̀sìn Kristi ṣe dé Chang'an ní 635, ní èdè Ṣáínà àti Síríákì.

Àtakò tó le jù ni pé bí àtúnṣe kò bá ba nǹkan jẹ́, a jẹ́ pé òpópónà oníná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bíi ti Tang ní gúúsù ìlú, níbi tí àwọn ọmọge ti ń yá aṣọ àtijọ́ wọ̀ ya fọ́tò, jẹ́ ohun ìtàn náà. Rárá. Fàájì ni ìyẹn, kò sì sí ohun tó burú nínú fàájì. Àtúnṣe máa ń jẹ́ kí ọgbẹ́ hàn. Ẹ wo Xiaoyan, ilé gogoro ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n kọ́ láàárín 707 sí 709: àjà 15 ló ní, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1556 sì wó orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un lókun ní nǹkan bí ọdún 1965, wọ́n fi irin dè é láti inú, ṣùgbọ́n wọn kò dá àwọn àjà tó wó padà. Àjà 13 ló ṣì ní.